ÀDÍ FÚN ARA ÀTI ORÍ: OHUN TÍ Ó LÈ ṢE ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àwọn obìnrin

Bíbélì kíkà: Rúùtù 3:1–5

Ète ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù wa lè mọ bí a ti ń lo àdí fún ìtọ́jú awọ ara àti irun, kí a sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a gbé ìgò àdí sílẹ̀ kí a gba ilé ìwòsàn lọ.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, nínú ibi tí a kà yìí, Náómì gba Rúùtù ní ìmọ̀ràn pé kí ó wẹ̀, kí ó fi òróró pa ara, kí ó sì wọ aṣọ rẹ̀ kí ó tó jáde. Àgbà obìnrin ni ó ń kọ́ èyí tí ó kéré ní ìtọ́jú ara. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ìyá wa ṣe fún wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n fi àdí pa lára láti ìgbà tí a wà ní ọmọ ọwọ́, tí a sì ti fi pa àwọn ọmọ tiwa náà. Ohun tí àgbà bá fi kọ́ni a máa pẹ́ nínú ilé. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí àwa tí a di àgbà lónìí yẹ ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa wò dáadáa.

OHUN TÍ ÀDÍ JẸ́

Láti ara èso ọ̀pẹ kan náà ni epo pupa àti àdí ti ń jáde, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ara ẹyìn ni a ti ń fún epo. Inú ẹkùrọ́ ni a ti ń rí àdí. Bí a bá pín ìwọ̀n ẹkùrọ́ sí méjì, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni òróró. Àwọn ìyá wa a máa yan ẹkùrọ́ nínú ìkòkò gbígbẹ títí yóò fi dúdú tí òróró yóò sì máa yọ lára rẹ̀. Wọn a gún un, wọn a sè é pẹ̀lú omi, wọn a sì máa ré òróró tí ó bá léfòó. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tún gbé òróró yìí kaná kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ tán. Èyí ni àdí dúdú tí òórùn rẹ̀ máa ń kún gbogbo ilé. Àdí tí a fi ẹ̀rọ fún láì yan ẹkùrọ́ rẹ̀ mọ́ ju èyí lọ, òórùn rẹ̀ kò sì le tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, àdí a máa dì. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ẹ gbé ìgò rẹ̀ sínú omi gbígbóná díẹ̀, yóò yọ́. Àdí tí ó bàjẹ́ ni èyí tí òórùn rẹ̀ ti yí padà tí ó ń ta ni nímú; ẹ má ṣe fi í pa ara. Kí ó má baà tètè bàjẹ́, ẹ dé ìgò náà dáadáa, ẹ gbé e kúrò níbi tí oòrùn ń pa, kí omi má sì kàn án.

BÍ A ṢE Ń LÒ Ó

1. Fún awọ ara. Òróró kò bu omi sí ara. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dáàbò bo omi tí ó ti wà ní awọ ara, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó dúró kí ara rẹ̀ gbẹ tán kí ó tó fi àdí pa á ti fi èyí tí ó pọ̀ nínú àǹfààní rẹ̀ ṣòfò. Bí ẹ bá ti wẹ̀ tán, ẹ fi aṣọ nu omi díẹ̀ kúrò, kí ara ṣì tutù, kí ẹ tó fi àdí pa á. Díẹ̀ ni kí ẹ lò. Àwọn àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn máa ń gbẹ tí ó sì máa ń yún wọn yóò rí àǹfààní èyí, pàápàá ní oṣù ọyẹ́.

2. Fún irun. Bí omi bá wọ inú irun, irun a wú; bí ó bá gbẹ, a sún kì. Wíwú àti sísúnkì yìí ni ó ń mú kí irun máa já. Àdí, gẹ́gẹ́ bí àdí àgbọn, ní irú ọ̀rá kan tí ó lè wọ inú fọ́nrán irun lọ, tí yóò sì dín omi tí irun ń mu kù. Nítorí náà, ẹ fi díẹ̀ ra irun ní alẹ́ tàbí ní wákàtí kan kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

3. Fún ẹni tí kò lò ó rí. Ẹ fi díẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ ní inú, kí ẹ dúró fún ọjọ́ kan. Bí ibẹ̀ bá yún yín tàbí tí ó pọ́n, ẹ má lò ó. Ẹni tí irorẹ́ ń yọ lójú kò gbọdọ̀ fi àdí pa ojú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú: àdí kì í sọ ẹni dúdú di pupa. Bí ẹnikẹ́ni bá ta àdí fún yín tí ó ní yóò mú ara yín pupa ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti da nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ohun tí a ti bá nínú ìpara abóra ni mẹ́kúrì tí ń ba kíndìnrín jẹ́.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ẹ̀yin ìyá, mo ní ẹjọ́ tèmi láti rò. Nígbà tí àkọ́bí mi obìnrin wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, ohun róbótó kan yọ sí i lórí, irun ibẹ̀ sì ń ré. Mo mọ̀ pé làpálàpá ni. Ìyá ọkọ mi gbé àdí fún mi, èmi náà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fi àdí ra orí ọmọ yìí ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Orí náà ń dán, inú mi sì ń dùn. Ṣùgbọ́n róbótó kan di mẹ́rin. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, ọ̀kan wú, ó ń ṣe ọyún, ọmọ kò sì lè sùn.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tí ó gbà wá kò bú mi. Ó ní, “Màmá, inú gbòǹgbò irun ni làpálàpá orí ń gbé. Ohun tí a fi pa òkè orí kò lè dé ibẹ̀.” Oògùn mímu tí a ń pè ní griseofulvin ni wọ́n fún un, ó sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ní ọ̀rá nínú. Ó san. Irun hù padà ní ibi mẹ́ta. Ibi kẹrin pá títí di òní. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ń fi gèlè bò ó. Nígbàkígbà tí mo bá ń bá a wé gèlè, ọwọ́ mi a máa kan ibẹ̀.

Àdí kò ṣe ọmọ mi ní ibi. Oṣù mẹ́ta tí mo fi gbẹ́kẹ̀ lé e ni ó ṣe é ní ibi.

OHUN TÍ ÀDÍ KÒ LÈ ṢE

1. Làpálàpá orí ọmọdé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ yẹ orí àwọn ọmọ yòókù wò, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jọ lo òòyà kan náà.

2. Èépá funfun tí ń já lórí àgbà, tí orí sì ń yún un. Kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, tí ń jẹ ọ̀rá orí, ni ó wà nídìí èyí. Ẹni tí ó ń da òróró sí i ń bọ́ kòkòrò náà ni. Ọṣẹ ìforí tí ó ní ketoconazole ni kí ẹ béèrè ní ilé oògùn.

3. Iwájú orí tí ń pá. Irun tí a dì le ju bí ó ti yẹ lọ ni ó sábà máa ń fà á. Bí orí bá ń ro yín lẹ́yìn tí ẹ dirun tán, ẹ tú u.

4. Gìrì. Ẹ má ṣe rọ àdí tàbí àgbo kankan sí ọmọ tí gìrì mú lẹ́nu. Kò lè gbé e mì. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò bá lọ, ó sì lè pa á. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀ kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

5. Ọmọ tuntun. Ẹ má fi àdí sí ìwọ́ rẹ̀. Èyí tí ó tún burú jù ni àdí tí a lọ kánfọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni a bí pẹ̀lú irú ẹ̀jẹ̀ kan tí kánfọ̀ lè bà jẹ́, pàápàá èyí tí a ń kó sáàárín aṣọ. Ojú àti ara ọmọ yóò pọ́n rúsúrúsú, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ má tilẹ̀ kó kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun.

6. Iná tàbí omi gbígbóná. Omi tútù tí ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Òróró a máa sé ooru mọ́ inú ara.

ÌPARÍ

Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ọ̀pẹ, ẹ̀bùn Rẹ̀ náà sì ni ìmọ̀ àwọn oníṣègùn. Ẹ jẹ́ kí ìgò àdí wà nínú ilé wa, ṣùgbọ́n kí ó mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ pin sí. Bí ẹ bá ń kọ́ ìyàwó ọmọ yín ní bí a ti ń lo àdí, ẹ kọ́ ọ ní ìgbà tí a kì í lò ó pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni àwọn ìyá wa kọ́ wa nípa àdí tí ó ṣì wúlò lónìí?
2. Ta ni nínú wa tí ó mọ ilé tí wọ́n ti ń lọ kánfọ̀ sí ìpara ọmọ? Báwo ni a ṣe lè bá wọn sọ ọ́ láì dójú tì wọ́n?
3. Kí ni ó máa ń mú kí a pẹ́ kí a tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn: owó ni, ìtìjú ni, tàbí ọ̀rọ̀ àgbà tí a kò fẹ́ kọ̀? Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe sí i?

Àdúrà: Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́jú àwọn tí Ó fi sí abẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.