Ẹ Bèèrè Ohun Tó Wà Níbẹ̀ Tẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń wádìí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, mo mọ̀ pé rìsẹ́ptọ̀ ló ń wù yín, ojú ibi tí ìránṣẹ́ inú ọpọlọ bíi serotonin ti ń jíṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì. Ó wu èmi náà. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti Sokodé gba Tchamba wọ Kambolé, ní Tógò, ìbéèrè tó ṣáájú ni pé: kí ló ti wà níbẹ̀ kí oògùn mi tó dé?

Ẹ wo asofẹ́yẹjẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ làwọn oníṣègùn wa fi ń tọ́jú wèrè. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé lé e lórí ní 1960. Reserpine wà nínú rẹ̀, èyí tí iléeṣẹ́ Ciba ti yọ lára ìbátan rẹ̀ ti Íńdíà ní 1952. Ní 1955, Brodie àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Ámẹ́ríkà rí i pé ó ń fa serotonin gbẹ nínú ọpọlọ. Wọ́n sì ń ròyìn pé ayé ń sú àwọn kan tó ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ni ariwo bá ta: àìtó ìránṣẹ́ wọ̀nyí ni ìrẹ̀wẹ̀sì! Nígbà tí wọ́n padà yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà ló ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì rí. Bẹ́ẹ̀, fluoxetine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, ń dí ọ̀nà tí serotonin ń gbà padà sínú sẹ́ẹ̀lì láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì ń tó ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́rin, kára tó tu aláìsàn. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa gbà ni pé rìsẹ́ptọ̀ 5-HT1A, tó ń dá sẹ́ẹ̀lì serotonin lọ́wọ́ kọ́, ní láti dẹwọ́ ná. Àlàyé yẹn ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ti igi ẹgbẹ̀sì burú jù. Ní 2013, wọ́n kéde pé igi yìí fúnra rẹ̀ ń ṣe tramadol, oògùn ìrora tí iléeṣẹ́ ń ṣe, sínú gbòǹgbò, ní Kamẹrúùn. Lọ́dún kejì, Spiteller àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Dortmund, ní Jámánì, wá gbòǹgbò gúúsù, wọn ò rí nǹkan kan. Ní àríwá, àwọn àgbẹ̀ ń lo tramadol, wọ́n sì ń fún màlúù wọn. Ohun tí ara ẹranko ń sọ oògùn náà dà wà nínú ilẹ̀ àti omi ibẹ̀. Màlúù kì í ṣe àlejò ní Tchamba. Nítorí náà, ẹ bu yẹ̀pẹ̀ ìdí igi náà pẹ̀lú gbòǹgbò, kẹ́ ẹ sì wa gbòǹgbò níbi tí ẹran kì í dé.

Bó ṣe rí fún aláìsàn náà nìyẹn: ẹ bèèrè ohun tó ti wà lára rẹ̀ kí oògùn yín tó dé. Tramadol tó ń lò kó lè kọ ebè ń pa serotonin mọ́ níta sẹ́ẹ̀lì bíi ti fluoxetine. Méjèèjì lè para pọ̀ di gbígbọ̀n, òógùn, àní gìrì. Fluoxetine tún ń ṣèdíwọ́ fún ẹ̀dọ̀ láti sọ tramadol di èyí tó ń pa ìrora, nítorí náà onítọ̀hún lè máa fi kún un. Kò ní sọ ọ́ níwájú bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá jáde kẹ́ ẹ tó bèèrè.