Ẹ Kọ́kọ́ Bi Wọ́n Léèrè

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ta oògùn ní Karmo, inú mi kò dùn láti ọjọ́ ọjà tó kọjá, nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń yin ọ̀dọ́mọkùnrin apòògùn kan pé ọwọ́ rẹ̀ yá, nítorí pé obìnrin kan tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, tí ooru kì í jẹ́ kí ó sùn lóru, bèèrè họ́mọ̀nù tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lò, òun náà sì gbé e fún un láìsí ìwé dókítà, láìsí ìbéèrè kan. Mo pe obìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bi í bóyá ó ti tún rí ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà tí nǹkan oṣù ti dá. Ó ní, "Mo rí i lóṣù tó kọjá, bàbá, ṣùgbọ́n kò pọ̀." Kò pọ̀! Ẹ̀jẹ̀ tí a kò mọ orísun rẹ̀ lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ilé ọmọ, ẹ́sítrójìn tó wà nínú họ́mọ̀nù náà a sì máa mú kí irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ dàgbà. Ọ̀dọ̀ dókítà ni mo ní kí ó kọrí sí.

Ẹ mọ orúkọ oògùn, ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀; ìbéèrè ni ẹ ń fò. Ẹni tí ó ti ní jẹjẹrẹ ọyàn rí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró rí, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn ti kọlù, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí kò tọ́jú rẹ̀, họ́mọ̀nù náà lè pa wọ́n lára, kò sì sí èyí tí ẹ ó rí kà lójú wọn bí wọ́n ti ń wọlé. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ní 1975 ni ìwádìí ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ẹ́sítrójìn nìkan ń mú kí jẹjẹrẹ ilé ọmọ pọ̀ láàárín àwọn tó ń lò ó. Ní oṣù Keje 2002 ni wọ́n sì dá apá kan ìwádìí Women's Health Initiative lórí họ́mọ̀nù yìí dúró láìpé ọjọ́, èyí tí obìnrin 16,608 wà nínú rẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ ọyàn, rọpárọsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń pọ̀ sí i. Àwọn kan wá ní kí a kó oògùn náà dànù pátápátá. Èmi kò sí lára wọn, nítorí ó ń tu ọ̀pọ̀ obìnrin tí ara wọn gbà á lára.

Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, a máa fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní àga, a bi í léèrè ẹ̀jẹ̀, a bi í léèrè ọyàn, lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá wú ju èkejì lọ, tí ó sì ń dùn ún, kò ní ta nǹkan kan, lẹ́tà ni yóò kọ sí dókítà ní ilé ìwòsàn UCH. Àwọn tó tò sẹ́yìn a máa kùn, kì í sì í dá wọn lóhùn. Àárò sùúrù bàbá yẹn ń sọ mí.

Bí dókítà tilẹ̀ kọ ìwé, ẹ bi wọ́n léèrè síbẹ̀, nítorí obìnrin mìíràn kì í lè sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ mú un wọ yàrá ẹ̀yìn. Ẹni tí họ́mọ̀nù kò bá sì bá lára mu, ẹ má lé e lọ lọ́wọ́ òfo: oògùn tí kì í ṣe họ́mọ̀nù wà fún ooru náà, ẹ tọ́ka rẹ̀ sí dókítà tí yóò yan èyí tó yẹ fún un.