Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Kọ̀ǹpútà Olórúkọ tàbí Àtòpọ̀, Èwo ni Kí Ẹgbẹ́ Rà?



Bí ẹgbẹ́ kan ní Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ bá fẹ́ kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú lẹ́jà sínú kọ̀ǹpútà, àríyànjiyàn kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀. Akápò á ní kí wọ́n ra àtòpọ̀ tí kò wọ́n; akọ̀wé á ní olórúkọ bíi HP tàbí Dell ló dára. Owó gbogbo wa ni wọ́n fẹ́ ná, àkọsílẹ̀ ìfipamọ́ àti ẹ̀yáwó gbogbo wa ló sì máa wà nínú ẹ̀rọ náà. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo wa lóye ọ̀rọ̀ yìí.

IBI TÍ ÀTÒPỌ̀ TI WÁ

Ní oṣù kẹjọ 1981 ni ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà kékeré rẹ̀ jáde. Kì í ṣe IBM ló ṣe gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀: Intel ló ṣe ọpọlọ rẹ̀, Microsoft ló pèsè ètò tó ń darí rẹ̀. Níwọ̀n bí ẹlòmíràn ti lè ra irú wọn, kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ bíi Compaq fi ń ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Báyìí ni àtòpọ̀, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní clone, ṣe tàn káyé. HP ra Compaq ní 2002. IBM náà ta iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré rẹ̀ fún Lenovo ti Ṣáínà ní 2005. Nílẹ̀ wa, Zinox bẹ̀rẹ̀ ní 2001, Omatek ti olóògbé Florence Seriki náà sì to kọ̀ǹpútà ní Èkó.

Nítorí náà, àtòpọ̀ kì í ṣe ayédèrú. Èyí tí wọ́n lẹ orúkọ HP mọ́, tí HP kò sì ṣe, ni ayédèrú.

ÌṢIRÒ

Ẹ má wo iye owó ọjọ́ tí a rà á nìkan. Ẹ pín in sí iye ọdún tó máa lò. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ: olórúkọ ₦600,000 tó lo ọdún 6 jẹ́ ₦100,000 lọ́dún. Àtòpọ̀ ₦300,000 tó kú lẹ́yìn ọdún 2 jẹ́ ₦150,000 lọ́dún; ọ̀wọ́n ló já sí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ₦90,000 pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀, tó sì lo ọdún 5, ₦78,000 péré ni lọ́dún. Ọwọ́ ẹni tó tò ó àti ẹni tó máa tún un ṣe ni ìyàtọ̀ wà.

OHUN TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ YẸ̀ WÒ

1. Àtúnṣe. Bí ẹ bá ní oníṣẹ́ tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé nítòsí, àtòpọ̀ dára, nítorí a lè rí ẹ̀yà rẹ̀ rà lọ́kọ̀ọ̀kan ní Computer Village, Ìkẹjà. Àwọn olórúkọ mìíràn ní ẹ̀yà tí kò bá ti ẹlòmíràn mu. Bí ẹ kò bá ní oníṣẹ́, ẹ ra olórúkọ tó ní ìwé ìdánilójú àtúnṣe, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wádìí lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kí ẹ tó sanwó.

2. Iná. Àpótí tó ń pín iná nínú àtòpọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi èyí tí kò dára sí. Ẹ béèrè èyí tó dáńgájíá, kí ẹ sì ra UPS pẹ̀lú.

3. Windows. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní oṣù kẹwàá 2025. Ẹ̀rọ tí kò lè gba Windows 11 kò yẹ fún owó ẹgbẹ́, bó ti wù kó pọ̀ tó.

4. Tòkunbọ̀. Ìwádìí Basel Action Network ní 2005 sọ pé nǹkan bí kọ̀ńténà 500 ẹrù kọ̀ǹpútà àlòkù ń wọ Èkó lóṣooṣù nígbà náà, àti pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn lè máà wúlò. Ẹ tan ẹ̀rọ náà wò fún wákàtí bíi mélòó kan.

5. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀. Kò sí orúkọ tó ń dènà olè tàbí iná ọmọ ọrara. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ da àkọsílẹ̀ kọ, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn.

ÌLÀNÀ

Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta, kí ìpinnu wà nínú ìwé ìpàdé, kí risíìtì sì jẹ́ ní orúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe ti akọ̀wé. Ẹ kọ ẹ̀rọ náà sínú ìwé dúkìá. Bí ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá jọ rà, oníṣòwò á dín owó kù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

(a) Ta ni yóò tún kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ yín ṣe bó bá bàjẹ́ lọ́la?
(b) Bí ó bá sọnù lónìí, níbo ni ẹ ti máa rí àkọsílẹ̀ ìfipamọ́ yín?