Owó Páìpù Gáàsì Tí Wọ́n Gbà Jù: Báwo Ló Ṣe Ń Padà Sọ́wọ́ Ẹni Tó San Án?

Lójú ìwé ọ̀rọ̀ ajé ti ìtẹ̀jáde yìí, ẹ̀kọ́ kan la fẹ́ jọ kọ́ nípa gáàsì tí a fi ń mú ilé gbóná, tí a sì fi ń se oúnjẹ. Kì í ṣe bí a ṣe lè dín gáàsì kù la fẹ́ sọ. Owó tí wọ́n gbà ju bó ti yẹ lọ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, àti òfin ìjọba Amẹ́ríkà tó ní kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n san èlé lé e, kí wọ́n sì kọ ìwé tó fi hàn pé àwọn dá a padà lóòótọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé Chicago, Maryland, New Jersey tàbí Minnesota ló ń gba bíìlì gáàsì lóṣooṣù. A ó wo iye tó wà nísàlẹ̀, a ó mí kanlẹ̀, a ó san án, a ó sì ju ìwé náà nù. Àwọn tó ní ilé oúnjẹ, ilé ìfọṣọ tàbí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà láàárín wa, tiwọn tún pọ̀ ju ti ilé lásán lọ. Ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí owó náà ń gbà lọ, kí a sì mọ ọ̀nà tó lè gbà padà.

1. Ta ló ń gba owó lọ́wọ́ ta?

Gáàsì tó ń jó nínú ilé wa ti rìn jìnnà. Abẹ́ ilẹ̀ ní Texas, Louisiana, Oklahoma tàbí Pennsylvania ni wọ́n ti sábà máa ń fà á jáde. Ilé-iṣẹ́ páìpù ńlá ló ń gbé e láti ìpínlẹ̀ kan dé èkejì. Ilé-iṣẹ́ gáàsì ìlú wa ló ń gbà á lẹ́nu páìpù ńlá yìí, tó sì ń pín in dé ojúlé kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, owó mẹ́ta ló wọnú bíìlì wa: owó gáàsì fúnra rẹ̀, owó tí páìpù ńlá gbà láti gbé e wá, àti owó pípín in kiri ìlú. Ti àárín yìí la ó máa pè ní owó páìpù.

Ilé-iṣẹ́ páìpù kò lè bu owó yìí lé wa bó ti wù ú. Òfin tí wọ́n ń pè ní Natural Gas Act, èyí tí wọ́n ṣe ní 1938, sọ pé owó náà gbọ́dọ̀ tọ́, kó sì bá ẹ̀tọ́ mu. Federal Power Commission ló kọ́kọ́ ń bójú tó o. Láti 1977, Federal Energy Regulatory Commission, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FERC, ló gba iṣẹ́ náà. Páìpù tó ń gbé gáàsì kọjá ààlà ìpínlẹ̀ ni ti FERC. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sínú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, ìjọba ìpínlẹ̀ ló sábà máa ń bójú tó o. Ẹ̀yin ará Houston, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín: Railroad Commission ti Texas, tí ẹ ó rò pé ti ọkọ̀ ojú irin ni, òun ló ń rí sí páìpù abẹ́lé níbẹ̀.

2. Kí ló ń sọ owó di èyí tí wọ́n lè dá padà?

Bí ilé-iṣẹ́ páìpù bá fẹ́ fi kún owó rẹ̀, abala kẹrin òfin náà ní kó kọ́kọ́ fi tó FERC létí, ó kéré tán, ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú. Bí FERC bá rí i pé ọ̀rọ̀ náà mú iyèméjì dání, ó lè dá owó tuntun dúró fún oṣù márùn-ún, kò sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìgbẹ́jọ́ máa lọ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìgbẹ́jọ́ irú èyí kì í sábà parí láàárín oṣù márùn-ún. Nígbà tí oṣù márùn-ún bá pé, ilé-iṣẹ́ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó tuntun bí ẹjọ́ kò tilẹ̀ tíì parí. Ibí yìí ni òfin ti gbọ́n. Ó gbà kí owó wọ àpò ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà pé ó ti di tirẹ̀. FERC lè ní kó mú onídùúró wá. Ó lè ní kó ṣe àkọsílẹ̀ kíníkíní nípa gbogbo owó tó tipasẹ̀ àfikún náà wọlé: ta ló san án, àti nítorí ta ni wọ́n ṣe san án. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé àfikún náà tọ́. Kì í ṣe oníbàárà ni yóò wá ẹ̀rí pé kò tọ́.

Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn Alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní ó ń gba àjọ lọ́wọ́ èrò rẹpẹtẹ láì kọ orúkọ sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó san fún ẹnikẹ́ni. Orí pípé ni tirẹ̀. FERC kò gba orí pípé lẹ́rìí. Ìwé ló ń béèrè, ó sì ń béèrè rẹ̀ láti ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ ti wọlé.

3. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀

Ká fi ṣe àpẹẹrẹ: páìpù kan ń gba sẹ́ǹtì 40 lórí dekatherm kan, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n gáàsì. Ó ní òun fẹ́ máa gba sẹ́ǹtì 50. Oṣù márùn-ún kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba 50 náà. Nígbà tí ẹjọ́ parí, FERC ní sẹ́ǹtì 44 ló tọ́. Sẹ́ǹtì 6 ló gbà jù lórí dekatherm kọ̀ọ̀kan. Bí oníbàárà kan bá gbé dekatherm 1,000,000 lóṣù kan, $60,000 ni wọ́n jẹ ẹ́ fún oṣù yẹn nìkan.

Èlé wá dé. Òfin ní kí wọ́n ka èlé láti ọjọ́ tí wọ́n gba owó títí di ọjọ́ tí wọ́n dá a padà. Wọ́n ń wo iye èlé tí a mọ̀ sí prime rate, èyí tí Federal Reserve ń tẹ̀ jáde, wọ́n sì ń fi èlé lé èlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ká ní èlé náà jẹ́ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ìdá 2 ni fún oṣù mẹ́ta:

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́: $60,000 di $61,200.
Oṣù mẹ́ta kejì: ó di $62,424.
Oṣù mẹ́ta kẹta: ó di $63,672.48.
Oṣù mẹ́ta kẹrin: ó di $64,945.93.

Bí a kò bá fi èlé lé èlé, $64,800 ni ìbá jẹ́. Ìyàtọ̀ $145.93 lè dà bí ohun kékeré lọ́dún kan. Bí ẹjọ́ bá fa ọdún mẹ́wàá, kì í ṣe ohun kékeré mọ́.

Ẹ kíyè sí ohun kan o. Bí FERC bá ní sẹ́ǹtì 37 ló tọ́, ìyẹn tó kéré sí owó àtijọ́ pàápàá, àfikún sẹ́ǹtì 10 nìkan ni wọ́n máa dá padà. Sẹ́ǹtì 3 tó kù, ọjọ́ iwájú nìkan ni oníbàárà yóò ti jàǹfààní rẹ̀. Orí àfikún ni òfin ìdápadà yìí dúró lé.

4. Ìwé ìjábọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ

Nígbà tí ìdájọ́ bá ti parí, tí kò sí àtúngbọ́ mọ́, àwọn ìlànà tó wà nínú ìwé òfin FERC nìyí:

Èkíní, àṣẹ FERC ló ń sọ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá owó padà. Bí àṣẹ náà kò bá dárúkọ ọjọ́, láàárín ọgọ́ta ọjọ́ ni.

Èkejì, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò fara mọ́ ìnáwó dídá owó padà. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó oníbàárà.

Ẹ̀kẹta, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ó bá dá owó náà padà, ó gbọ́dọ̀ kọ ìjábọ̀ sí FERC, àyàfi bí àṣẹ tàbí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ìjábọ̀ yìí gbọ́dọ̀ ní ìwé ìṣirò tó tó láti fi hàn bí wọ́n ṣe dé iye tí wọ́n san.

Ẹ̀kẹrin, ìjábọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó gba ìpín nínú owó náà, àti ọ̀dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀ wọn tó bá ti béèrè pé kí wọ́n máa fi ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé owó, ẹ ó fẹ́ràn èyí. Nínú ètò àkọsílẹ̀ tí FERC là sílẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ gáàsì, àkáǹtì 229 wà fún owó tí wọ́n lè ní láti dá padà, ẹ̀gbẹ́ gbèsè ló sì wà. Àkáǹtì 496 ni wọ́n fi ń yọ ọ́ kúrò lára owó tó wọlé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí owó bá tilẹ̀ wà ní báǹkì, bí ẹjọ́ bá ṣì wà lórí rẹ̀, gbèsè ni olóye oníṣirò máa pè é, kò ní pè é ní èrè.

5. Báwo ló ṣe ń dé ọwọ́ wa?

Kì í ṣe àwa ni oníbàárà páìpù ńlá náà. Ilé-iṣẹ́ gáàsì ìlú ni, pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn. Ọ̀dọ̀ wọn ni owó ìdápadà kọ́kọ́ ń lọ. Láti ibẹ̀, àjọ ìpínlẹ̀ ló ń pàṣẹ bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, bíi Illinois Commerce Commission ní Illinois. Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì. Wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ lára owó gáàsì inú bíìlì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe iye gáàsì láti ìgbà dé ìgbà.

Ìdúró lè gùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó orí ohun ìní ti Kansas. Àwọn tó ń fa gáàsì jáde níbẹ̀ fi owó orí náà kún owó tí òfin gbà wọ́n láyè láti gbà. Ní 1996, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Washington sọ pé kí ìdápadà bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tí wọ́n ti gbà ní 1983. Owó tó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́tàlá, tí èlé ń gun èlé lórí rẹ̀, èlé rẹ̀ á ju owó gan-an lọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó san bíìlì ní 1983 ló ṣì ń gbé ilé kan náà? Ẹni tó ti kó lọ, ìpín rẹ̀ lè di ti ẹni tó kó wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

6. Ibi tí kò ti sí ìdápadà

Abala karùn-ún òfin náà gba FERC láyè láti dín owó tó ti pẹ́ kù, bó bá rí i pé ó ti pọ̀ jù. Ọjọ́ iwájú nìkan ni ìdínkù yìí ń wò, kì í mú owó àtẹ̀yìnwá padà. Nígbà tí òfin tí wọ́n ṣe ní ìparí 2017 gé owó orí ilé-iṣẹ́ kù láti ìdá 35 sí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, FERC ní 2018 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ páìpù kún fọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ Form 501-G, kí ó lè rí èyí tí ìdínkù náà sọ owó rẹ̀ di àpọ̀jù. Ìjábọ̀ yẹn mú kí àwọn kan dín owó kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ìdápadà. Nítorí náà ni ẹjọ́ abala kẹrin fi ṣe pàtàkì, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so okùn mọ́ owó láti ìbẹ̀rẹ̀.

7. Kí ni kí a ṣe?

Ẹ tọ́jú bíìlì gáàsì yín, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò. Ẹ wo ìlà tí wọ́n ti ń sọ owó gáàsì àti àtúnṣe rẹ̀. Bí ẹ bá ń kó kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ gáàsì mọ àdírẹ́sì yín tuntun. Bí onílé ló ń san gáàsì, tó sì ń gbà á padà lọ́wọ́ yín, ẹ bi í léèrè bí àyọkúrò kankan bá wọlé. Ẹni tó bá sì fẹ́ ka ìjábọ̀ fúnra rẹ̀, eLibrary ti FERC wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹjọ́ owó páìpù gáàsì máa ń ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RP.

Ẹ̀kọ́ kan tún kù fún ẹgbẹ́ wa. Bí a bá dáwó fún iṣẹ́ kan nílé, tí iṣẹ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀, gbèsè ni owó yẹn jẹ́ lọ́rùn ẹgbẹ́. Bí iṣẹ́ náà bá yẹ̀, a gbọ́dọ̀ lè sọ ta ló san án, iye tó san, àti nítorí ta ló ṣe san án. Ìyá tó dáwó lórúkọ ọmọ rẹ̀, kí orúkọ méjèèjì wà nínú ìwé. Nígbà tí a bá sì dá owó padà, kí akápò ka ìjábọ̀ rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ìpàdé láàárín oṣù kan. Ohun tí òfin Amẹ́ríkà ń béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, kò pọ̀ jù fún àwa tí a jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ìgbà tí ìwé bá ti mọ́ ni ọ̀rẹ́ ń pẹ́.

Ó dìgbà o. A ó tún pàdé nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, láṣẹ Èdùmàrè.