Láfún Tó Di Eérú: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Ihò Lẹ́ǹsì àti Bọ́tìnnì +/−

Olóòtú ní kí n kọ díẹ̀ nípa bí mo ṣe lo kámẹ́rà fún próójẹ́ẹ̀tì mi ní ìpele 300. Kí n tó lọ sí abúlé, mo rò pé mo mọ kámẹ́rà lò.

Abúlé náà wà lẹ́yìn Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà níbẹ̀ tí àwọn obìnrin máa ń sá láfún sí. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá àárọ̀, láfún á ti bo àpáta náà, á funfun débi pé èèyàn á máa fún ojú pọ̀ tó bá ń wò ó. Mo ya ìyá àgbà kan níbi tó ti ń yí láfún tirẹ̀ padà. Ó ní kí n bá òun tẹ ọ̀kan jáde, torí pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó òun, kò sí fọ́tò mìíràn tí òun gbé kọ́ ògiri. Mo ṣèlérí.

Nígbà tí mo gbé e padà fún wọn, wọ́n wò ó títí.

“Ta rèé?”

“Ẹ̀yin ni, màámi.”

“Ojú mi dà? Láfún yìí ńkọ́? Láfún tó bá rí báyìí, òjò ti pa á nìyẹn. Ta ló máa rà á?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láfún ti di eérú, ojú wọn sì dúdú kirikiri, èèyàn ò mọ imú yàtọ̀ sí ẹnu. Wọ́n dá a padà fún mi.

Ohun tó dùn mí ni pé mo ti rí i lójú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà pé fọ́tò ọ̀hún ṣókùnkùn, mo sì gbìyànjú láti tún un ṣe. Wọ́n ti kọ́ wa pé ihò kan wà nínú lẹ́ǹsì, èyí tí ìwé kámẹ́rà ń pè ní aperture, pé bí ihò náà bá ṣe fẹ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe máa wọlé tó. Mo bá fẹ̀ ẹ́. Mo kúrò ní f/8, mo bọ́ sí f/5.6, mo tún bọ́ sí f/4. Bákan náà ni òkùnkùn náà ṣe rí. Mo rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti nọ́ńbà yẹn kúrò lọ́nà, nítorí ó máa ń da èèyàn rú. Ìpín ni. A fi fífẹ̀ ihò pín gígùn lẹ́ǹsì. Lẹ́ǹsì 50 mm tó wà ní f/2, ihò rẹ̀ fẹ̀ tó 25 mm. Tó bá wà ní f/4, ó di 12.5 mm. Bí èèyàn mẹ́jọ bá pín búrẹ́dì kan, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan á kéré sí ti èèyàn mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ihò f/8 fi kéré sí ti f/4. Láti 2.8 sí 4, sí 5.6, sí 8, sí 11, sí 16, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì. Ihò tó fẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹni tí a ń yà ṣú bàìbàì. Ihò kékeré máa ń jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn hàn kedere.

Kí ló wá dé tí fífẹ̀ tí mo fẹ̀ ẹ́ kò ṣiṣẹ́? Orí A ni kámẹ́rà mi wà (Av ni Canon ń kọ). Lórí A, èmi ni mò ń yan ihò, kámẹ́rà ló sì ń yan iye àsìkò tí ìmọ́lẹ̀ fi máa wọlé. Ẹ fi wé korobá lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Tí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ gbàgà, ẹ ó tètè tì í. Tí ẹ bá ṣí i díẹ̀, ẹ ó dúró pẹ́. Omi inú korobá ò yí padà. Nígbà tí mo kúrò ní f/8 bọ́ sí f/5.6, kámẹ́rà kúrò ní 1/500 bọ́ sí 1/1000, ó sì fagi lé gbogbo ohun tí mo ṣe. Ó ti pinnu ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé nínú korobá kí n tó fọwọ́ kan ihò.

Níbo ló ti rí ìpinnu yẹn? Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kò mọ láfún, kò mọ èédú. Ó gbà pé tí a bá da gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jẹ́, kó má funfun, kó má dúdú. Tí funfun bá kún iwájú rẹ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù títí funfun yẹn á fi di eérú. Mo tún rí òdì kejì rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, nígbà tí mo ya àpò èédú lójú títì: kámẹ́rà fi ìmọ́lẹ̀ kún un, èédú náà di eérú!

Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ + àti − sí lára ni a fi ń bá a jiyàn. Exposure compensation ni orúkọ rẹ̀. +1 túmọ̀ sí pé kó gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì ohun tó rò. +2 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. −1 jẹ́ ìdajì. Lórí A, kì í fọwọ́ kan ihò tí ẹ ti yàn, àsìkò ló máa ń fà gùn. Nítorí náà ẹ ṣọ́ra lábẹ́ igi kòkó: tí àsìkò bá fi lè dé 1/15, ọwọ́ yín á gbọ̀n, fọ́tò á sì ṣú. Ẹ gbé ISO sókè níbẹ̀. Lórí M tí ẹ bá ti yan ISO fúnra yín, bọ́tìnnì yìí kì í sábà ṣe ju kó sún atọ́ka lọ.

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé kámẹ́rà kórìíra awọ dúdú. Ọ̀rọ̀ náà nítàn: káàdì tí Kodak ń fún àwọn tó ń tẹ fọ́tò láti fi tún àwọ̀ ṣe, obìnrin òyìnbó ló wà lórí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n lórí àpáta ọjọ́ náà, láfún ló ba kámẹ́rà mi lẹ́rù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí dúdú ṣe pọ̀ ní oríṣi tó, kó wá fọ́tò irun dídì tí J.D. ’Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968 wò. Ìbàdàn wa níbí ló ti ṣiṣẹ́ ní 1954, nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Ẹ wo bí irun dúdú ṣe hàn fọ́nrán-fọ́nrán.

Mo padà sí abúlé. Mo fi ihò sí f/5.6, mo sún mọ́ màmá kí láfún má baà gba gbogbo àwòrán, mo wá ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ní +2, láfún ti funfun jù, kò sí hóró kankan nínú rẹ̀ mọ́, ojú kámẹ́rà sì ń ṣẹ́jú níbẹ̀ láti kìlọ̀ fún mi. Ní +1.3, ó bọ́ sí i: láfún funfun, ilà ojú wọn náà sì hàn. (Mo gbàgbé láti dá a padà sí 0. Gbogbo ohun tí mo yà ní Lálùpọn lọ́jọ́ kejì ló funfun bí ẹni pé mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.)

Nígbà tí mo gbé fọ́tò kejì dé, màmá ò tíì wo ojú ara wọn tí wọ́n fi pe aládùúgbò wọn: “Ìyá Ṣadé, ẹ wá wo láfún mi!”