Ọ̀rọ̀-Ìṣe "Explode" àti Ògbufọ̀ Rẹ̀ sí Yorùbá: Àpẹẹrẹ láti Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì náà, "explode", tí ó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láàmú nínú ògbufọ̀.

Ìtumọ̀ oréfèé rẹ̀ kò ṣòro: bọ́ǹbù bú gbàmù. "Bú" ni ọ̀rọ̀-ìṣe. "Gbàmù" ni ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí ìró rẹ̀ jọ ohun tí ó ń ṣàpèjúwe. (Kí a má dà á pọ̀ mọ́ "bú" tí ó jẹ mọ́ èébú.) Nínú ìlò àfiwé ni ìṣòro wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ìbínú, fún ẹ̀rín àti fún iye ènìyàn tí ó pọ̀ sí i lójijì. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí inú bí a gbaná jẹ. Ẹni tí ẹ̀rín pa a bú sẹ́rìn-ín. "Bú" ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n "gbàmù" ti kúrò. Èrò Òṣòdì kì í bú gbàmù rárá, ńṣe ni wọ́n ń pọ̀ bí eṣú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "ìbúgbàmù èrò", Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi Yorùbá kọ.

Ní Ìsọlọ̀, ọ̀rọ̀ náà wúwo jù báyìí lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, iná ràn mọ́ ibi tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà, àwọn bọ́ǹbù sì ń bú gbàmù léraléra. Àwọn tí kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sá àsálà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn já sínú kánáàlì Òkè-Àfá. Ewéko bo ojú omi, wọ́n ṣe bí ilẹ̀ ni. Iye àwọn tí ó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà lé ní 1,000, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni ó sì bá omi lọ.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé "bọ́ǹbù pa wọ́n ní Òkè-Àfá", gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n olùwà gbólóhùn náà kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìró bọ́ǹbù ni ó lé wọn. Omi ni ó gbé wọn. Ó yani lẹ́nu pé lílé gan-an ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Látìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti yá "explode": kí àwọn òǹwòran fi àtẹ́wọ́ àti ariwo lé òṣèré kúrò lórí ìtàgé. Ẹ̀yìn èyí ni ti bíbú gbàmù tó dé.

Ìrántí àwọn òkú náà wà ní Òkè-Àfá títí di òní, àwọn ọmọ tí ó pàdánù ẹbí níbẹ̀ sì ti di òbí. Nítorí náà, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní agbègbè yẹn, táyà ọkọ̀ ni a máa ń ní kí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Táyà a máa bẹ́ gbàù lójú pópó Òṣòdì, awakọ̀ a sọ̀ kalẹ̀, a pààrọ̀ rẹ̀.