Ọgbọ́n Ju Agbára Lọ: Eré Gọ́ọ̀fù Aláwo

Oríṣiríṣi ni eré ìdárayá tí ọmọ aráyé ń ṣe. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá lágbára jù ni yóò borí níbẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí agbára nìkan kò lè gbé ènìyàn débi kankan. Ọ̀kan nínú irú èyí kejì ni eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà sọ di ńlá, tí a lè pè ní gọ́ọ̀fù aláwo. Ẹni tí ó bá wò ó lóréfèé yóò rò pé eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé pápá tí ó le, yóò rí i pé ohun tí a fi ń ṣẹ́gun níbẹ̀ ni mímọ ìgbà: ìgbà ìṣọ́ra ọ̀tọ̀, ìgbà ìgboyà ọ̀tọ̀.

Àwo tí a fi ń ṣe eré yìí jẹ́ ike roboto pẹrẹsẹ, ìwọ̀n rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàrin gíráàmù 150 àti 180. Dípò ihò tí a ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù sí, agbọ̀n irin ni ó wà ní òpin ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Òpó kan dúró láàrin agbọ̀n náà, ẹ̀wọ̀n irin sì rọ̀ yí i ká. Bí àwo bá ba ẹ̀wọ̀n wọ̀nyí, ipá rẹ̀ yóò pin, yóò sì jábọ́ sínú agbọ̀n. Ọ̀nà 18 ni ó sábà máa ń wà nínú pápá kan. Láti ibi ìdúró ni eléré yóò ti ju àwo rẹ̀. Ibi tí ó bá balẹ̀ sí ni yóò ti tún un jù, títí yóò fi wọ agbọ̀n. Ẹni tí iye jíjù rẹ̀ bá kéré jù lọ ni ó borí.

Ed Headrick ni a ń pè ní baba eré yìí. Ní ọdún 1975 ni a ṣí pápá àkọ́kọ́ tí a ṣe fún un láti wà títí, ní Oak Grove Park, ní ìpínlẹ̀ California. Òpó lásán ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ àwo lù, àríyànjiyàn a sì máa wà bóyá àwo kan òpó tàbí kò kàn án. Agbọ̀n ẹlẹ́wọ̀n tí Headrick ṣe ni ó parí ìjà náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí eléré gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ìwà àwo nínú afẹ́fẹ́. Bí ẹni tí ń lo ọwọ́ ọ̀tún bá ká apá rẹ̀ kọjá àyà kí ó tó jù, àwo rẹ̀ yóò máa yí bí ọwọ́ aago ti ń yí. Nígbà tí eré rẹ̀ bá dín kù, yóò ṣẹ́rí sí apá òsì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ bọ̀ láti iwájú, àwo a máa gbéra sókè, a sì fẹ́ yà sí ọ̀tún. Bí ó bá ń ti ẹ̀yìn fẹ́, àwo a tètè wálẹ̀. Nítorí náà ni eléré fi ń kó àwo púpọ̀ dání: èyí tí etí rẹ̀ mú fún ọ̀nà jíjìn, èyí tí etí rẹ̀ nípọn fún ìtòsí agbọ̀n.

Kí ni ó wá ń sọ pápá di èyí tí ó le? Igi, òkè àti ààlà ni. Níbi tí igi bá pọ̀, àlàfo tóóró ni àwo yóò gbà kọjá, òfin kò sì gbà kí eléré ṣẹ́ ẹ̀ka kí ọ̀nà rẹ̀ lè là. Níbi tí agbọ̀n bá wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, àwo tí kò wọlé lè fi etí balẹ̀, kí ó sì yí gbirigbiri lọ sí ìsàlẹ̀. Ní ti ààlà, àwo tí ó bá kọjá rẹ̀, ìbáà ṣe sínú omi tàbí sí ẹ̀yìn okùn, a ó fi ẹyọ kan kún iye jíjù ẹni tí ó ni ín bí ìtanràn.

Àpẹẹrẹ irú pápá bẹ́ẹ̀ wà ní Yunifásítì Winthrop, ní ìlú Rock Hill, ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Ní ọdún 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbẹ̀, Ken Climo sì wà lára àwọn tí ó ti gba ipò kìn-ín-ní níbẹ̀. Ọ̀nà kẹtàdínlógún ni ó lókìkí jù níbẹ̀. Kò gùn, kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 250 lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ààlà yí ilẹ̀ tí agbọ̀n wà ká bí ẹni pé erékùṣù ni, ìtanràn sì ń bẹ fún àwo tí kò bá dúró sínú rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń ṣíwájú láti àárọ̀ lè ti ibẹ̀ di ẹni ẹ̀yìn. Agbéraga a máa dojú àwo kọ agbọ̀n kí òǹwòran lè hó yèè. Ọlọ́gbọ́n tí ó ń ṣíwájú a máa dojú rẹ̀ kọ àárín erékùṣù, a sì gbà láti tún jù lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó wọ agbọ̀n.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé ìṣọ́ra ni ó yẹ nígbà gbogbo. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, nígbà ìdíje àgbáyé ní ìlú Ogden, ní ìpínlẹ̀ Utah, James Conrad fi jíjù kan gbẹ́yìn Paul McBeth nígbà tí wọ́n dé ọ̀nà ìkẹyìn. Àwo rẹ̀ ṣì jìnnà sí agbọ̀n ní ẹsẹ̀ bàtà 247. Bí ó bá rọra jù ú sí ìtòsí agbọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó ti pàdánù nìyẹn. Ó farabalẹ̀, ó jù ú, àwo náà sì wọ inú ẹ̀wọ̀n irin lọ. Iye wọn wá dọ́gba. Wọ́n tún dìje, Conrad sì borí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó ní ohun tí ó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìṣọ́ra ni ó yẹ ẹ́. Ẹni tí kò ní ohun tí yóò pàdánù mọ́, ìgboyà ni ó kù fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú yàrá ìdánwò. Ẹni tí ó fi wákàtí kan gbáko bá ìbéèrè kan tí ó le jà, tí ó fi àwọn tí ó mọ̀ sílẹ̀, ti ju àwo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ààlà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ó sì ku ìbéèrè kan ṣoṣo, kí a má fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kí a kọ ohun tí a bá mọ̀.

Ìbéèrè
1. Báwo ni agbọ̀n ẹlẹ́wọ̀n ṣe parí àríyànjiyàn láàrin àwọn eléré?
2. Kí ni afẹ́fẹ́ iwájú àti afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ń ṣe sí àwo?
3. Èéṣe tí ọ̀nà kẹtàdínlógún fi le bí kò tilẹ̀ gùn?
4. Kọ àròkọ lórí òwe yìí: “Ọgbọ́n ju agbára lọ.”